Ìjánu Tí Kò Bá Orí Ẹṣin Mu

Ẹṣin mẹ́ta ni wọ́n so mọ́lẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa láàárọ̀ ọjọ́ náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọjú sí ògiri. Mo kọ́kọ́ rò pé oòrùn ló ń gún wọn lójú, ṣùgbọ́n oòrùn ò tíì yọ dé ọ̀dọ̀ wa, kùrukùru ṣì bo títì. Àwọn ẹṣin náà kàn gbé iwájú orí ti ògiri bí ọmọ tí wọ́n ń fìyà jẹ, ìrù wọn ò mì, etí wọn sì lẹ̀ mọ́ orí. Mo ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀ kí n lè wo ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Bí mo ṣe yíjú padà báyìí, ọkùnrin kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Mi ò gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ló wí. "Wọ́n ní ibí ni kí n ti béèrè Abẹ́rẹ́."

Abẹ́rẹ́ lọkọ mi. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ẹnu rẹ̀ sì mú, kò sẹ́ni tó tún ń pè é ní nǹkan mìíràn mọ́ ládùúgbò. Nígbà tó fẹ́ mi, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rán awọ, wọ́n sọ èmi náà ní Òwú, wọ́n ní ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà lòwú ń tọ̀. Iṣẹ́ wa ni ohun èlò ẹṣin: gàárì, ìjánu, ọ̀já tí wọ́n ń fi di gàárì mọ́ ẹṣin níkùn, àti gbogbo okùn awọ wẹ́wẹ́ tó jẹ́ pé ìgbà tí èèyàn bá nílò rẹ̀ jù ló máa ń já. Àwọn tó ń fi ẹṣin sáré ìje ní pápá lẹ́yìn ìlú, àwọn tó ń fi ẹṣin fa ẹrù, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo wọn ń bọ̀. Òun ló ń gé, èmi ni mo ń rán.

Aṣọ ọkùnrin náà mọ́ tónítóní. Irùngbọ̀n rẹ̀ kún, ó bo ẹnu rẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé èèyàn ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ni, èèyàn ò rí ètè. Ọkọ mi fa àga fún un, ó dúpẹ́, kò jókòó. Ó tú ìdì kan tó wà ní abíyá rẹ̀, ó sì tẹ́ awọ kan sórí tábìlì.

Ó yẹ kí n sọ bí awọ ṣe ń rí, kí ẹ lè mọ ohun tí a rí. Awọ màlúù tí a bá fẹ́ fi ṣe ìjánu, òróró la fi ń bọ́ ọ. A ó yọ́ ọ̀rá pọ̀ mọ́ ìda oyin, a ó máa fọwọ́ pa á mọ́ awọ lára títí yóò fi mu ún, bí ọmọ ṣe ń mu ọmú. Bí kò bá yó, yóò gan, yóò sán. Bó bá sì yó jù, yóò rọ̀, yóò máa fà, òwú tí a fi rán an yóò jẹrà nínú rẹ̀. Èyí tí ọkùnrin náà gbé wá yó dé ìwọ̀n. Ó pọ́n bí oyin inú ìgò, ó rọ̀, ó sì lágbára. Ọkọ mi ká a po, kò dún, kò sì ní ìlà kankan nígbà tó tú u.

"Awọ dáadáa rèé," ọkọ mi wí, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. "Ta ló ṣe é?"

"Ọwọ́ tó ti kàn án pọ̀."

"Màlúù ni, àbí?"

"Màlúù ni."

Ọkùnrin náà fa okùn kan yọ lápò, okùn tí wọ́n ta ní kókó ní oríṣiríṣi ibi. Ìwọ̀n orí ẹṣin náà nìyẹn. Ọkọ mi nà án síwájú ara rẹ̀, ó wò ó lọ, ó wò ó bọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ẹṣin tí orí ẹ̀ kò ju báyìí lọ, ṣé inú àpò lẹ máa ń gbé e sí ni?"

Èmi rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ò rín.

"Àbí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni?" ọkọ mi tún béèrè.

"Ẹṣin ni yóò jẹ́," ló dáhùn.

Mo gbọ́ "yóò" yẹn, ó dún sí mi létí bí ìgbà tí èèyàn bá fi eyín kan òkúta nínú ìrẹsì. Ṣùgbọ́n mo gbé e mì. Mo rò pé bóyá abo ẹṣin rẹ̀ lóyún ni, pé ó ń palẹ̀ mọ́ de ọmọ tí yóò bí. Ó ní a ò gbọ́dọ̀ fi awọ mìíràn kún un, ó kí wa pé ó dìgbà, ó sì lọ. Lẹ́yìn tó kọjá kọ́ńà ni àwọn ẹṣin tó wà níta yíjú padà, ọ̀kan nínú wọn sì ń gbọ̀n láti ọrùn dé ìrù.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí láàmú nínú awọ náà ni pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ohun tó ti abíyá èèyàn jáde yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo mọ̀. Àmọ́ ó wà lórí tábìlì títí ọ̀sán fi pọ́n, tí ọ̀sán tún fi rọ̀, kò tutù. Nígbà tí ọkọ mi gbé ọ̀bẹ lé e, etí ibi tó gé sun òróró wẹ́wẹ́ bí òógùn orí imú. Ó nù ún. Ó tún sun. "Awọ yìí ń ṣiṣẹ́ jù wá lọ," ló wí, a sì jọ rẹ́rìn-ín.

A ṣe é dé ibi tí orí rẹ̀ pé, a ti fi irin tí ẹṣin ń gbé sẹ́nu sí i, ó ku kí n rán okùn ọwọ́, èyí tí ẹni tó ń gun ẹṣin ń dì mú, mọ́ ọn. A ní orí ẹṣin onígi kan tí a fi ń wọn iṣẹ́ wò. Ọkọ mi gbé ìjánu náà lé e, kò kọjá etí. Ó fà á, ó tì í, ó fi ẹsẹ̀ tẹ igi náà mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wọ bàtà fún ọmọ, kò wọlé. Mo wà lórí àpótí mi, mo tẹrí ba, mò ń rán okùn ọwọ́ lọ ní tèmi. Ó yọ́ gba ẹ̀yìn mi wá.

"Òwú, gbójú sókè, ká wo ẹṣin tuntun," ló wí, ó sì fi í sí mi lórí.

Kò wúwo. Ó bà lé mi bí omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tí wọ́n dà síni lórí, ó sì dúró. Ọ̀já iwájú orí bá iwájú orí mi mu, ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mu, irin rẹ̀ sì wọ igun ẹnu mi gẹ́lẹ́ bí ẹni pé ojú oorun ni wọ́n ti wọ̀n mí. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, itọ́ ló kún mi lẹ́nu. Mo gbọ́ òórùn koríko tútù, bẹ́ẹ̀ kò sí koríko nítòsí wa rárá, ó sì ń ta sánsán sí mi bí oúnjẹ ṣe ń rí fún ẹni tí ebi ń pa. Orúnkún mi fẹ́ dìde láìbéèrè lọ́wọ́ mi. Títì iwájú ilé wa, tí mo ń gbá lójoojúmọ́ ayé, mo ṣàdédé fẹ́ mọ ibi tó parí sí. Mo ní kí n sọ fún ọkọ mi pé kó bọ́ ọ kúrò. Ohùn tó jáde kì í ṣe ọ̀rọ̀.

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì kọ lu ìdè abẹ́ àgbọ̀n mi, ó ń fà á, ó ń mí hẹlẹ, èékánná rẹ̀ ya. Nígbà tó ṣí, ó dún bí ìgbà tí èèyàn bá ya bébà méjì tí oyin lẹ̀ pọ̀.

"Òwú, mi ò dè é," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá.

"Ẹ̀yin lẹ fi sí mi lórí."

"Mo fi sí ọ lórí. Mi ò dè é. Kí n tó gbọ́wọ́ kúrò ló ti di ara rẹ̀."

Mo wo dígí. Ìlà pupa wà ní igun ẹnu mi lọ́tùn-ún àti lósì.

A ti ṣọ́ọ̀bù, a kó sínú ilé. A jẹun, a sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìjánu tí a tì mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù wà lórí ìrọ̀rí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló ń gbé lẹ́yìn ilé wa. Alágbàfọ̀ ni. Bí ẹnu àbúrò rẹ̀ bá mú bí abẹ́rẹ́, tirẹ̀ mú bí abẹ. Òun nìkan la sọ fún. Ó ń fún aṣọ lọ́wọ́ bí ó ṣe ń gbọ́, nígbà tí a sọ̀rọ̀ dé ibi ìrọ̀rí, ó fi aṣọ náà sílẹ̀ sínú omi.

"Ìyàwó wa, ṣé kò sí ìjà kankan láàárín ìwọ àti ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, mà."

"Ẹ dá a padà fún un. Ohun tí kò lẹ́sẹ̀ tó tọ èèyàn wálé, ọ̀dọ̀ ẹni tó gbé e wá ni kó padà sí. Ẹ má bá a jà, ẹ má bá a ṣàwàdà. Ìwọ ni mò ń bá wí, Abẹ́rẹ́."

Ọkùnrin náà sì padà dé, ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan báyìí. Ọkọ mi ti di gbogbo rẹ̀ sínú aṣọ, àti ìjánu, àti èyí tó ṣẹ́kù lára awọ, àti okùn ìwọ̀n. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á. Iṣẹ́ yìí ju tiwa lọ."

"Ṣé ọ̀bẹ ti kàn án?"

"Ó ti kàn án."

"Kò ṣeé dá padà mọ́ nìyẹn."

Kò pariwo. Kò halẹ̀. Ó sọ ọ́ bí dókítà ṣe ń sọ fún ẹbí aláìsàn. Ọkọ mi gbé ìdì náà padà sórí tábìlì.

"Orí ta ni ìwọ̀n yìí?" ló béèrè.

"Èmi kì í yan orí. Bí okùn yẹn ṣe wà ni wọ́n ṣe fi lé mi lọ́wọ́, mo ń gbé e kiri ni. Ilé tó bá mú mi dé ni mo ń wọ̀."

"Orí ìyàwó mi ló bá mu."

Ọkùnrin náà wò mí. Mo ti ń retí ojú ìkà. Àánú ni mo rí níbẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí. "Níbo lẹ ti bá a láàárọ̀ yìí?"

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ọrùn mi la ti bá a.

"Bí a bá sá lọ ńkọ́?" ọkọ mi wí.

"Ẹ ó bá a níbẹ̀. Orí kan nínú ilé yìí ni yóò wọ̀. Èyí tó bá jẹ́, kò kan awọ." Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Màá padà wá gbà á."

Ọ̀rọ̀ "orí kan nínú ilé yìí" tó sọ yẹn, èmi gbọ́ ọ bí ìhàlẹ̀. Ọkọ mi gbọ́ ọ bí ọ̀nà àbáyọ. Mi ò mọ̀ nígbà náà. Ohun tí mo rí ni pé ara rẹ̀ balẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó tún ń súfèé, ó sì jókòó sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń tú ojú ìrán mi kúrò lára ọ̀já ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìjánu náà. Mo bi í pé kí ló ń ṣe. Ó ní òun fẹ́ bà á jẹ́ ni, kó má lè wọ ẹnikẹ́ni. Ó ní kí n bá òun gbé gàárì tuntun kan lọ fún àwọn ará pápá.

"Má sáré bọ̀," ló wí. Ó tún gèlè mi so, ó fà á wá síwájú díẹ̀ bí mo ṣe ń fẹ́ ẹ. "Kí wọ́n dì í mọ́ ẹṣin lẹ́yìn kí o lè rí bó ṣe jókòó."

Nígbà tí mo fi máa dé, oòrùn ti yẹ̀ sí apá kejì títì. Ṣọ́ọ̀bù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Ó ti to gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ sí ààyè wọn, ó ti nu tábìlì. Sálúbàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, méjèèjì ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Láti ibi sálúbàtà, ipa ẹsẹ̀ lásán wà nínú eruku, mo mọ ẹsẹ̀ náà, mo mọ ọmọ ìka tó máa ń ya sọ́tọ̀ níbẹ̀. Ó rìn dé ibi tí títì bẹ̀rẹ̀, ó rìn díẹ̀ sí i. Ibi tí ẹsẹ̀ èèyàn pin sí, pátákò ló ti bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti pàdé, kò sí ibi tí wọ́n ti yà. Ọ̀kan kàn parí sínú èkejì.

Ẹ̀gbọ́n ti wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, aṣọ tútù wà léjìká rẹ̀, omi ń ro sí i lára.

"Mo rí ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn tó ń gun ẹṣin kọjá," ló wí. "Ẹṣin pupa kan, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga. Ẹṣin náà wò mí, Ìyàwó wa. Mi ò mọ ohun tó ń pa mí lẹ́kún, mo kàn dúró, mò ń sunkún."

Orí ara rẹ̀ ló ń tú ìjánu náà fún, kó má baà wọ tèmi. Àwọn aládùúgbò ní ó bá obìnrin lọ ni. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ bá wọn jà, mo ní kó jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí ọkọ ẹni wà lọ́dọ̀ obìnrin. Èmi ń gé, èmi ń rán. Òjò bẹ̀rẹ̀, ó sì dáwọ́ dúró.

Ìgbà tí ilẹ̀ gbẹ tán ni ọkùnrin náà tún dé, ẹsẹ̀ ló fi rìn wá. Ìjánu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òjò ti lù ú, òógùn ti jẹ ẹ́, ó ti gan bí ẹja gbígbẹ, ó sì ti sán ní ibi tó ń kan ẹnu.

"Ó ń gé e lẹ́nu," ló wí. "Mo ní kí n gbé e wá fún ẹ."

Mo wò ó. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lára irin náà. Irun pupa wà nínú ìdè rẹ̀.

"Níbo ló wà?"

"Ó ń jẹ koríko."

"Ẹ mú mi dé ibẹ̀."

"Kò ní mọ̀ ọ́," ó fèsì, ojú rẹ̀ wà nílẹ̀. "Tàbí kó mọ̀ ọ́. Ìyẹn ló burú jù."

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Ǹ bá ju ìjánu náà sí i lójú. Ṣùgbọ́n bí mi ò bá tún un ṣe, ẹnu ta ni yóò máa gé? Mo jókòó, mo yọ́ ọ̀rá àti ìda, mo fi ọwọ́ mi pa á mọ́ awọ náà lára níbi gbogbo tó ti gan. Mo fi aṣọ òwú wé ibi tó ń kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mò ń sunkún sí i lára, mo sì ń fi òróró bo omijé mọ́lẹ̀, nítorí iyọ̀ ojú kì í jẹ́ kí awọ rọ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbé e wá. Ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí màá fi ṣe tán, kì í jókòó, kì í mu omi. Láàárín àkókò yẹn ni ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Mi ò lè gé awọ yẹn, yóò rí i. Mi ò lè fi òwú jíjẹrà rán an, yóò rí i. Ṣùgbọ́n ta ló máa bá obìnrin jà pé ó ń kẹ́ nǹkan jù? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún awọ náà lóróró kọjá ìwọ̀n. Nígbà tó yó, mo tún bọ́ ọ. Nígbà tó ń dà á padà síta, mo tún gbé e sún mọ́ iná kó lè ṣí ara sílẹ̀, mo tún bọ́ ọ. Awọ tó ti gan wá ń rọ̀, ó ń rọ̀ jù, òwú inú rẹ̀ ń dúdú.

Lọ́jọ́ kan, ó gba ìjánu náà lọ́wọ́ mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì fà á. Ó gùn díẹ̀, kò sì padà sí bó ṣe wà. Mo ń wo abẹ tó wà lórí tábìlì.

"Ìyàwó Abẹ́rẹ́, òróró yìí ti pọ̀ jù."

"Ẹ̀yin lẹ ní ó ń gé e lẹ́nu."

"Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀." Ó rọra ká a, bí èèyàn ṣe ń ká aṣọ ọmọ. Ó gbé ojú sókè, mo sì rí i pé ó yé e, pé kò sí nǹkan kan tí mo ṣe tí kò yé e. "Ó ti rẹ èmi náà," ló wí. "O ṣeun."

Ó gbé e lọ.

Ọ̀sán kan tí oòrùn mú ganrínganrín ni a gbọ́ igbe láti ibi tí títì ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀. Wọ́n ní ẹṣin já ìjánu mọ́ ẹnì kan lọ́wọ́. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n sáré débẹ̀. Ọkùnrin náà ló wà nílẹ̀, ọrùn rẹ̀ ti yí sí ibi tí ọrùn kì í yí sí. Okùn ọwọ́ ìjánu ṣì wà ní ìkúùkù rẹ̀, ìka rẹ̀ ti wọ inú awọ náà bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ gún àmọ̀. Kò sẹ́ni tó rí ibi tí ẹṣin náà gbà. Ẹ̀gbọ́n kúnlẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku kúrò ní ẹnu òkú náà, bó ṣe ń ṣe sí ẹnikẹ́ni, àní ẹni tó kórìíra. Ó ya irùngbọ̀n sọ́tọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Àpá wà ní igun ẹnu ọkùnrin náà lọ́tùn-ún, òmíràn wà lósì. Ó ti pẹ́, ó ti dán, ó jinlẹ̀ tó ibi tí ìka lè wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n wò mí. "Wọ́n ti gun òun náà rí," ló wí, ó rọra sọ ọ́ kí àwọn tó yí wa ká má baà gbọ́. Ó dá irùngbọ̀n náà padà sí ààyè rẹ̀.

A padà sílé. Ní ẹ̀yìnkùlé, láàárín àwọn aṣọ tí Ẹ̀gbọ́n sá, ọkùnrin kan wà níhòòhò, ó fi ọwọ́ àti orúnkún tẹlẹ̀, ó sì ti ojú bọ inú ọpọ́n omi, ó ń mu ún. Kò fi ọwọ́ bù ú. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Awọ kan tó já ń fì lọ́rùn rẹ̀.

Mo pè é. Ó gbójú sókè, omi àti ẹ̀jẹ̀ ń ro ní ẹnu rẹ̀, ó wò mí fún ìgbà pípẹ́ kí ojú rẹ̀ tó di ojú ọkọ mi. Èmi àti Ẹ̀gbọ́n bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n já aṣọ ìtẹ́bùsùn kan lórí okùn, ó fi wé e.

"Aṣọ oníbàárà ni o," ló ń wí, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Má fi ẹ̀jẹ̀ bà á jẹ́ fún mi. Abẹ́rẹ́, aṣọ oníbàárà ni o."

Ó pẹ́ kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i. Ó ń jẹun, ó ń wẹ̀, ó ń dá wa lóhùn bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n kò lè sùn ní ìdùbúlẹ̀. Ògiri ló máa ń fara tì, ní ìdúró, ojú rẹ̀ á sì pa dé. Ọjọ́ tó là á fún mi, irun orí rẹ̀ ni mò ń gé.

"Kì í ṣe èèyàn burúkú," ló wí.

"Ta ni?"

"Ẹni tó gùn mí. Ó máa ń bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Ó ní òun náà ti gbé ẹnì kan rí, títí ìjánu fi já tí ẹni yẹn fi kú. Ó ní òun lọ sílé, òun bá ìyàwó òun nílé, òun bá ọmọ òun. Àmọ́ ẹ̀yìn òun ò fúyẹ́."

Mo dá ọwọ́ dúró.

"Òwú, bí ẹni tó gun èèyàn bá kú tán, kì í sọ̀ kalẹ̀. Ó wà lẹ́yìn mi bí mo ṣe jókòó yìí. Orúnkún rẹ̀ ń há mi níhà."

Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ mi ni, pẹ̀lú irun tí mo gé tó dà sí i. "Kí ló ń gbé e kúrò?"

Ó gbọn irun kúrò ní itan rẹ̀.

"Kí èmi náà gun ẹnì kan," ló wí. Ó di ọwọ́ mi mú pẹ̀lú síṣọ́ọ̀sì nínú rẹ̀. "Ti ṣọ́ọ̀bù lónìí. Má fi kọ́kọ́rọ́ hàn mí. Bí mo bá bẹ̀ ọ́, má fún mi. Bí mo bá bú ọ, má fún mi. Rántí pé èmi tí mò ń bá ọ sọ̀rọ̀ báyìí ni ọkọ rẹ."

Èyí tó ṣẹ́kù lára awọ náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù. A ti dáná sun ún, iná ń yẹra fún un. Ẹ̀gbọ́n ti gbé e jù sódò, a tún bá a lórí tábìlì láàárọ̀, ó gbẹ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ilẹ̀kùn nìkan ló kù láàárín àwa àti òun. Mo tì í, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí okùn, mo gbé e kọ́ ọrùn lábẹ́ aṣọ. Báàgì aṣọ ni mò ń rán báyìí, nínú yàrá. Ọkọ mi ń bá Ẹ̀gbọ́n lọ aṣọ. Ara rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò. Àwàdà ti padà sí ẹnu rẹ̀, àwọn aládùúgbò ń gbá a lẹ́yìn, wọ́n ń bi í bóyá obìnrin tó bá lọ ló lé e. Láìpẹ́ yìí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ní ìdùbúlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yọ̀. Èmi náà fẹ́ yọ̀.

Ní ọ̀sán àná, ó bá mi níbi tí mo ti ń gé aṣọ. Ó gba síṣọ́ọ̀sì lọ́wọ́ mi, ó bá mi gé ibi tó le.

"Òwú, àwọn ará pápá ń béèrè wa. Ó yẹ ká ṣí ṣọ́ọ̀bù."

"Ẹ ní kí n má fún yín ní kọ́kọ́rọ́."

"Mo ní bẹ́ẹ̀?" Ó rẹ́rìn-ín. "Ara mi ò yá nígbà yẹn."

"Mo ti sọ kọ́kọ́rọ́ sínú kànga."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ló wí, kò sì bínú rárá. Ó gbé síṣọ́ọ̀sì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ní gbogbo ìgbà tó ń sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò ní ọrùn mi, níbi tí okùn náà ti wọ abẹ́ aṣọ lọ. Ohùn ọkọ mi ni mo gbọ́, kò sí àní-àní. Ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti rìn jìnnà, tó ń wá ẹ̀yìn tí yóò jókòó lé.